Ẹ Bi Ìyá Ọlọ́dà: Tẹ́skóòtù, Sìtọ́kò, àti Ògiri Tó Ń Mumi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú òjò yìí náà. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì mọ ìdí ẹ̀, torí ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá báyìí, láti Takie títí dé Under-G, á rí i pé ilé tuntun ń yọ bí olú, gbogbo onílé ló sì fẹ́ kí pálọ̀ tòun dá yàtọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kàn kun ún ní kírímù kó máa lọ mọ́. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Iṣẹ́ tí mo ti fi ọdún 22 ṣe nìyẹn, láti ìgbà tí mo ti ń ru bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tẹ̀lé bàbá mi lọ sí sáìtì. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

*Ìyá Ọlọ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé wa ti dórí kíkùn báyìí ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n. Pẹ́ńtà wa ní ká fi tẹ́skóòtù, ọ̀dà tó nípọn yẹn, sí gbogbo ògiri pálọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní á rí bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. Bàbá àwọn ọmọ ní eruku ló máa kó síbẹ̀ nígbà ọyẹ́, pé ta ló máa máa nù ún. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ibẹ̀ pẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ò parọ́ o. Ọyẹ́ ìlú wa yìí kì í ṣe kékeré, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà lọ́hùn-ún, ibi tí ojú ògiri bá ti rí gbágungbàgun ló máa ń jókòó sí. Tẹ́skóòtù, yanrìn ló wà nínú ẹ̀, tàbí èérún òkúta mábù, òun ló jẹ́ kó nípọn, òun náà ló jẹ́ kó máa gún èèyàn lọ́wọ́ téèyàn bá fọwọ́ pa á. Ara ògiri ìta ló ti wúlò jù, kó lè gba òjò àti oòrùn sára. Tẹ́ ẹ bá wá kó èyí tó gún bẹ́ẹ̀ yí gbogbo pálọ̀ ká, tí ìbejì méjì sì ń sáré kiri nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni o. Mo ti rí ọmọ tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbá irú ògiri yẹn níbi tó ti ń ṣeré, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ló bó, ó sì dùn mí torí èmi ni mo ṣe ògiri yẹn.

Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é rárá. Ògiri kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, èyí tójú èèyàn máa kọ́kọ́ bá tó bá ṣílẹ̀kùn wọlé, èyí tí tẹlifíṣọ̀n máa wà lára ẹ̀ tàbí èyí tó wà lẹ́yìn àga ńlá. Ẹ ṣe ìyẹn dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi sátìn, ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, kun mẹ́ta tó kù, torí sátìn ṣe é fi àkísà tútù nù. Ẹ sọ fún pẹ́ńtà yín pé èyí tó kúná lẹ ń fẹ́, pé kó má gbé tìta wọlé fún yín, tàbí kó fi sikíríìdì, èyí tí wọ́n fi ń mú ojú ògiri tẹ́jú, ya bátànì sára ògiri náà kó tó kun ún. Kí bátànì náà lọ látòkè wá sísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dábùú, torí èyí tó bá dábùú, ńṣe ló dà bí ẹni kan àwọn pẹpẹ kéékèèké mọ́ ògiri fún eruku láti jókòó lé.

Ohun míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tẹ́skóòtù kì í lọ jìnnà bí ẹ̀mọ́ṣàn, ọ̀dà olómi tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀mọ́ṣàn lásán, lítà kan lè kun tó síkúẹ̀ mítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà á lọ jìnnà dáadáa. Tẹ́skóòtù tó nípọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà lè máà kọjá ògiri méjì sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ga ní 10, ó tó síkúẹ̀ mítà 11, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ 44 kẹ́ ẹ tó yọ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Torí náà kẹ́ ẹ tó fún pẹ́ńtà lówó ọjà, ẹ gbé tépù, kẹ́ ẹ fúnra yín wọn ògiri yẹn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn èèyàn á náwó nára sórí ògiri, wọ́n á wá gbé gílóòbù kan ṣoṣo sáàárín síìlì, iná á tàn gan-an sójú ògiri, gbogbo ohun tá a fọwọ́ ya á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan. Òjìji ló ń gbé bátànì yọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Apàkẹ́, iná ìjọba ti lọ, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ògiri kan ni, mo wá gbé fóònù mi lé ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, mo tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ gbá ojú ògiri lọ, háà, ìyàwó onílé pariwo. Gbogbo ibi tí tírówẹ̀lì gbà kọjá ló yọ kedere, ibi tó ga ń tàn, ibi tó jìn dúdú, ó rí bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wá ń fẹ̀gbẹ́ wò ó. Ẹ sọ fún oníná yín kí wọ́n tó ti POP síìlì pa, kó to gílóòbù kéékèèké sí etí síìlì, kó má ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ògiri yẹn, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ṣàn wálẹ̀ lára ẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí o, iná yẹn náà ló máa tú àṣírí ẹni tí ò bá sikíríìdì ògiri yín kó tẹ́jú, torí náà ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù fún un.

*Ẹ káàsán Ìyá Ọlọ́dà. Ilé bàbá mi ni mò ń gbé ní Ọ̀yọ́ níbí, ilé alámọ̀ ni, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Láti ìsàlẹ̀ ògiri dé bí orúnkún, ọ̀dà ń wú, ó ń bó, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń yọ. Mo ti kun ún lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹnì kan wá ní kí n fi sìtọ́kò tó nípọn, èyí tí wọ́n ń fi tírówẹ̀lì rẹ́ mọ́ ògiri, bò ó, pé kò ní hàn mọ́. — Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́*

Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń bẹ̀ yín, ẹ má fi sìtọ́kò bò ó. Inú ni ohun tó ń ṣe ògiri yẹn wà. Ògiri yín ń mumi ni sà. Ilé àtijọ́ ò ní nǹkan kan láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri tó máa dá omi dúró, tí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ á mu ún yó, ògiri á wá máa fa omi yẹn sókè díẹ̀díẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Omi yẹn gbé iyọ̀ dání, ti inú ilẹ̀ àti ti inú sìmẹ́ńtì. Tó bá dé ojú ògiri, omi á gbẹ lọ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù síbẹ̀, á máa wú, òun ló ń ti ọ̀dà yín dànù látẹ̀yìn. Ẹ ha nǹkan funfun yẹn díẹ̀ sínú ṣíbí, kẹ́ ẹ kán omi sí i. Tó bá yọ́, iyọ̀ ni. Tí ò bá yọ́, tó tún ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ dáadáa, èébu lẹ ń wò yẹn o. Sìtọ́kò tó nípọn, ẹnu ògiri ló máa pa dé, omi tí ò ríbi jáde mọ́ á tún gùnkè sí i, ohun tó wà ní orúnkún lónìí á dé ìbàdí lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo mọ̀ ọ́n dájú, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Oníbàárà kan ló pè mí nígbà kan, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣègbéyàwó ọmọ wọn, bíríkìlà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri pálọ̀ wọn tán ni. Mo sọ fún wọn pé ògiri yìí ṣì tutù, wọ́n ní kí n ṣáà ṣe é bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà, ẹ̀bi mi ni, torí èmi tí mo mọ̀ ló yẹ kí n kọ̀. Sìtọ́kò aláwọ̀ góòlù ni mo ṣe, ó dán gbinrin lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, gbogbo àlejò ló ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi pè mí padà. Ògiri yẹn ti wú bí àkàrà. Mo fi èékánná tú etí ẹ̀, ó ṣí wá lódindi bí awọ tó máa ń dì sójú ẹ̀kọ gbígbóná tó bá tutù, ẹ̀yìn ẹ̀ tutù rinrin, omi ń wá sí mi lọ́wọ́. Mo dá owó wọn padà, mo sì lọ tún un ṣe nígbà tó gbẹ tán. Látìgbà yẹn, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ tí ò bá tíì pé ọjọ́ 28, mi ò ní fọwọ́ kàn án, tó bá sì jẹ́ ìgbà òjò bí irú èyí, mo máa ń dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé sà. Ẹ gé nylon tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ ṣẹ́ po, ẹ fi tépù lẹ gbogbo etí ẹ̀ mọ́ ibi tó ń ṣe yẹn, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá ń lá sí ẹ̀yìn nylon, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri lomi ti ń wá. Tó bá jẹ́ iwájú ló ti tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ò ráàyè jáde, fèrèsé lẹ máa ṣí. Mo rò pé tẹ̀yìn ló máa jẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí ilé ká kẹ́ ẹ tó pe pẹ́ńtà kankan. Ṣé ilẹ̀ ìta ò ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ? Ní ilé àtijọ́, iyẹ̀pẹ̀ àti pàǹtí á ti kó jọ síbẹ̀ látọdúnmọ́dún. Ẹ ní kí wọ́n wa á kúrò, kó fi bí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé. Ṣé omi páànù ò máa já sí ìdí ògiri? Ṣé ẹnikẹ́ni ò máa wẹ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn? Ẹ la gọ́tà, kí omi ríbi lọ. Ẹ ní kí bíríkìlà ha sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ibi tí omi gùn dé, kẹ́ ẹ fi ara ògiri sílẹ̀ títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi dé. Iyọ̀ yẹn, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbá a dànù, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ńṣe ni ògiri máa tún mu ún padà.

Tó bá gbẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Amọ̀ máa ń wú díẹ̀ tó bá mumi, á tún sún kì tó bá gbẹ, sìmẹ́ńtì ò lè bá a sún, ìdí nìyẹn tó fi máa ń là, tó máa ń dún kókó bí ẹni kan án. Amọ̀ tí wọ́n po koríko gbígbẹ gígé àti láìmù mọ́, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta sísun ṣe, òun ló bá ògiri amọ̀ mu. Láìmù yẹn náà lẹ lè fi omi pò kẹ́ ẹ fi kun ojú ẹ̀, ẹ lè fi àwọ̀ díẹ̀ sí i, ó máa ń ní àmì búrọ́ọ̀ṣì lára bí ìkùukùu, ó sì rẹwà gan-an, èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju sìtọ́kò lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà á ti mọ̀ ọ́n sà, pé àwọn ìyá wa ò fi ògiri sílẹ̀ lásán kí sìmẹ́ńtì tó dé. Wọ́n máa ń rẹ èèpo èso igi irú sómi, omi ẹ̀ á pupa dúdú, òun ni wọ́n fi ń pa ilẹ̀ àti ògiri lára, á le, á máa dán, omi ò sì ní tètè wọ̀ ọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń ya àwòrán sára ògiri ojúbọ òrìṣà. Tẹ́nì kan bá wá ń sọ fún mi pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní ògiri aláràbarà, mi ò kì í gbà.

*Mo gba yàrá kan ní Under-G mà, ògiri ẹ̀ funfun báláú, ó ń sú mi. Mo rí àwòrán ògiri tó dà bíi mábù lórí Instagram. Mi ò lówó pẹ́ńtà. Ṣé mo lè fọwọ́ ara mi ṣe é? — Ọmọ LAUTECH*

O lè ṣe é ọmọ mi, ìwọ ṣáà kọ́kọ́ pe lándílọ́ọ̀dù, kó sì fi méseéjì dá ẹ lóhùn kó lè wà nílẹ̀. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ayédèrú ni. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń fi ọ̀dà ya mábù sára ògiri kí òkè Vesuvius tó bú, tó bo ìlú Pompeii mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, ó sì wà lára àwọn ògiri tí wọ́n hú jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.

Sátìn ni kó o kọ́kọ́ fi kun gbogbo ògiri náà, funfun tàbí kírímù tó fẹ́ẹ́rẹ́, torí ẹ̀mọ́ṣàn tí ò dán máa ń mu ọ̀dà tó o bá gbé lé e kó o tó ráyè ṣe ohunkóhun. Jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Èyí tó máa wá sórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kí ìsàlẹ̀ lè máa yọ lójú. Àwọn tó ń ta ọ̀dà ń ta nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní gíléèsì, kò ní àwọ̀, ọ̀dà ìwọ̀n kan sí gíléèsì ìwọ̀n mẹ́rin ni kó o pò. Tó ò bá rí i, fi omi la ẹ̀mọ́ṣàn, àmọ́ ìyẹn máa ń yára gbẹ, torí náà àárọ̀ ni kó o ṣe é, pa fáànù, má ṣe ju ibi tó tó aṣọ ìbora lọ lẹ́ẹ̀kan. Wá ọ̀rẹ́ ẹ kan, kí ẹnì kan máa fi rólà kun ún, kí ẹnì kejì máa fi fóòmù lù ú. Fọwọ́ ya fóòmù náà, má fi ọ̀bẹ gé e, torí ibi tí ọ̀bẹ bá gé máa fi igun sílẹ̀ lára ògiri, gbogbo ayé á mọ̀ pé fóòmù ni. Lù ú pẹ́pẹ́pẹ́, má fi gbo ògiri, kó o sì máa yí ọwọ́ ẹ padà kí àmì kan náà má baà tò tẹ̀lé ara wọn.

Eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọ̀ tí mo máa kọ́kọ́ fi ṣe é, wàá lù ú ní ibi ibi, wàá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a fẹ́ẹ́rẹ́ kó máa para pọ̀ bí èéfín. Ìgbà yẹn ló wá kan iṣan mábù, ìyẹn ló sì dùn jù. Wá ìyẹ́ tòlótòló, tàbí ti àkùkọ tó gùn. Di ìdí ẹ̀ mú ní ìka méjì péré, má fún un pa, ki orí ẹ̀ bọ ọ̀dà dúdú tó ti ṣàn, nù ún sí etí agolo, kó o wá máa wọ́ ọ lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lára ògiri pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀. Ìyẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ á máa là sí méjì, á tún pàdé, ibì kan á nípọn, ibì kan á tínrín bí irun orí. Iṣan mábù máa ń yapa bí ìṣàn omi ni, má jẹ́ kí wọ́n rìn ní ìbejì-ìbejì, má sì jẹ́ kí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ìyẹ́ làwọn oníṣẹ́ òkè òkun náà fi ń ya iṣan mábù, mo dìde dúró ni. Ìyá ìyá mi, adìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe, ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, bí mo ṣe ṣàpèjúwe ìdìmú ẹ̀ fún ẹ yìí gẹ́lẹ́ ló ṣe ń dì í mú, ìka méjì péré. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ búrọ́ọ̀ṣì.

Kó o tó kan ògiri, kun páálí ńlá mẹ́ta ní sátìn yẹn, kó o ya mábù sí i. Ti àkọ́kọ́ ò ní dáa. Ti ẹ̀kẹta ni kó o gbé dúró lára ògiri, kó o wò ó lọ́sàn-án, kó o tún tan iná wò ó lálẹ́.

*Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London ní àwọn ò gbọdọ̀ ha bátànì tó wà ní síìlì ilé àwọn, pé májèlé wà nínú ẹ̀. Ṣé tẹ́skóòtù tiwa náà ní in? — Bàbá Tèmítọ́pẹ́, Sábó*

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Artex ni wọ́n máa ń pe irú ẹ̀ níbẹ̀, asbẹ́stọ́ọ̀sì, òkúta kan tó máa ń ya bí òwú tín-ín-rín, ni wọ́n ń pò mọ́ ọn láyé àtijọ́ kó lè gan dáadáa, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ṣe títí wọ àwọn ọdún 1980 sí i, kó tó wá di 1999 tí Bìrìtìkó fòfin de asbẹ́stọ́ọ̀sì pátápátá. Tó bá wà jẹ́ẹ́ lára síìlì, kì í ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá ha á, tí eruku ẹ̀ bá fò, tí èèyàn fà á símú, ìyẹn ni ewu, torí ó lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹ̀gbọ́n yín pe àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Tẹ́skóòtù tòde òní, yanrìn àti èérún òkúta ló ń mú un nípọn. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra níbí ni síìlì àtijọ́, àwọn pátákó eérú tó le bí àwo yẹn, púpọ̀ nínú wọn asbẹ́stọ́ọ̀sì ni. Mo máa ń rí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ayùn rẹ́ ẹ láìbo imú, eruku funfun á bo gbogbo irun wọn, ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ tàbí kí wọ́n rẹ́ ẹ, ẹ wọ́n omi sí i, kí wọ́n tú ìṣó ẹ̀ kí wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lódindi. Bákan náà ni gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà olóróró tó ń dán, tó ti pẹ́ lára fèrèsé àti ilẹ̀kùn, òjé lè wà nínú ẹ̀, òjé ò sì ní ìwọ̀n tí ò léwu fún ọmọdé. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó fi sáńpépà ha á, kí àwọn ọmọ lọ sílé ìyá àgbà lọ́jọ́ yẹn.

*Ṣé mo lè ṣe sìtọ́kò sí balùwẹ̀ dípò táìsì? — Alàájà, Owódé, Ọ̀yọ́*

Alàájà, ibi tí omi á ti máa dà sí i, ẹ fi táìsì sí i. Sikíríìdì tí wọ́n fi POP ṣe máa ń rọ̀ tó bá ń mumi, á sì jábọ́. Òkè balùwẹ̀, níbi tí omi ò dé, wọ́n lè fi sìmẹ́ńtì funfun ṣe sìtọ́kò síbẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀dà tí kì í gba omi bò ó lẹ́yìn. Ní Morocco wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní tadelakt, láìmù ni, wọ́n á fi òkúta tó jọ̀lọ̀ yùn ún títí á fi máa dán, wọ́n á wá fi ọṣẹ pa á lára, ìyẹn kì í gbomi wọlé rárá, balùwẹ̀ ni wọ́n sì ń lò ó fún. Mi ò tíì ṣe é fún oníbàárà kankan rí, mi ò sì ní fi ilé yín kọ́ṣẹ́.

*Mo fẹ́ kí ilẹ̀kùn irin mi rí bí igi. — Onílé tuntun, Òkè-Ẹlẹ́rin*

Ó ṣe é ṣe. Ẹ ha ìpẹtà ẹ̀ tán, ẹ fi púráímà irin, ọ̀dà ìpìlẹ̀, kun ún, lẹ́yìn náà àwọ̀ yẹ́lò tó fẹ́ rí bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tó bá gbẹ, gíléèsì olóróró aláwọ̀ kọfí, ẹ wá fi kóòmù rọ́bà fà á látòkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró, kí fánííṣì gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá dúró láàárín, ó máa hàn. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí sọmíìlì, ẹ wo ojú pákó ìrókò àti ti ọ̀gànwó dáadáa, torí ohun tójú ò bá rí, ọwọ́ ò ní lè yà á.

*Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì ni mà, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọ̀dà, pàápàá sìtọ́kò. Bọ̀dá bàbá mi ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, pé mi ò lè máa gun àkàbà. — Ọmọbìnrin kan, Ìjẹrú*

Ọmọ mi, mò ń gun àkàbà lọ́wọ́lọ́wọ́. Bá mi kí bọ̀dá bàbá ẹ dáadáa, má bá a jà, àgbà ni, ohun tó rí ló ń sọ. Ìwọ wá sikirépà kan, tírówẹ̀lì kékeré kan, àti sáńpépà nọ́ńbà 180. Bẹ màámá ẹ kó fún ẹ ní ògiri kan nínú kíṣìnnì, ibi tí ò tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń dáná. Ọ̀rá ti wà lára ibẹ̀, torí náà fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó o tó ṣe ohunkóhun, jẹ́ kó gbẹ, sikíríìdì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó fẹ́lẹ́, kó o fi sáńpépà ha á, kó o di ojú ẹ kó o sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á káàkiri. Ibi tí ọwọ́ ẹ bá ti kọsẹ̀, padà síbẹ̀. Tó bá tẹ́jú tán, ya fọ́tò ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń gba fèrèsé wọlé látẹ̀gbẹ́, kó o fi ránṣẹ́ sí mi síbí, kí n lè rí i dáadáa.